Ta Ló Pa Ajá Bàbá Àríyọ̀?

Epo pupa ló wà lẹ́nu ajá náà. Ó lẹ̀ mọ́ irun àgbọ̀n rẹ̀, ó kán sórí erùpẹ̀, àwọn èèrà sì ti tò lọ síbẹ̀. Ajá ọ̀hún nà gbalaja lábẹ́ igi òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè olówó rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tanímọ̀la lorúkọ tí Bàbá Àríyọ̀ sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀. Gbogbo àdúgbò wa ní Ṣakí ló mọ̀ ọ́n, àwọn kan nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan nítorí pé ó ti lé wọn rí.

Ọyẹ́ bo ìlú láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn. Àwọn òkè àpáta tó yí wa ká ti pòórá sínú eruku funfun, oòrùn kàn ń ràn bí àtùpà tí wọ́n fi aṣọ bò. Èèyàn á máa rìn lójú títì, á dà bíi pé inú àlá ẹlòmíràn lòun ń gbà kọjá. Mo fẹ́ràn irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò bá ti sí òkú nínú rẹ̀.

Mọ́ládé ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ́ epo náà, ó gbé e sí imú. Ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ni, ní ẹ̀ka ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Èmi jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tó sì kù fún mi láyé ni kí n máa fi máṣíìnì gbé e kiri, kí n sì máa bínú pé kì í yára.

Wọn ò tíì gbé ọ̀rọ̀ yìí dé àgọ́ ọlọ́pàá. Débọ́lá, ọmọ Bàbá Àríyọ̀ obìnrin, ló sáré wá bá wa nílé, kò tilẹ̀ wọ bàtà.

"Ẹ gbà wá, mà," ló ń wí. "Kí Màmá mi tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni o."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ṣòro láti sọ. Ọjọ́ ìrántí Bàbá Àríyọ̀ nìyẹn, ọdún kan gbáko tó ti kú. Ìyàwó rẹ̀ jí, ó bá ajá ọkọ rẹ̀ ní òkú, ó figbe ta, ó sì nàka sí Beauty níṣojú àdúgbò. Beauty ni nọ́ọ̀sì tó gba yàrá kan lẹ́yìn ilé wọn, ọmọ ìhà Delta tó wá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan nílùú wa. Kọ́láwọlé, àkọ́bí Màmá Àríyọ̀, fẹ́ fi ṣaya. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni wọ́n fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Láàárọ̀ yìí, Màmá ní kò sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan mọ́, àti pé kí òun tó ti ìsìn ìrántí dé, kí ọmọbìnrin náà ti kó jáde nílé òun.

"Ó ní òun ò ní fọwọ́ ara òun gba apani wọlé," Débọ́lá wí. Omijé ti la ọ̀nà sínú eruku ojú rẹ̀. "Èmi ni mo fà á, mà. Èmi ni mo sọ pé mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sórí ajá ní ìdájí. Mi ò mọ̀ pé báyẹn ni wọ́n máa gbọ́ ọ."

"Kọ́láwọlé ńkọ́?" mo bi í.

"Wọ́n tẹ̀lé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sà."

Mọ́ládé dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún. A ń gbọ́ orin ìsìn láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ọyẹ́.

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀," mo ní. "Jẹ́ ká yára, Ìyá Ọpẹ́."

"Ẹni tó kú ò lọ síbì kan, Bàbá Ọpẹ́," ó dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹni tó fẹ́ lọ."

*

Beauty ń ká aṣọ sínú báàgì. Kò sunkún. Ó kí wa dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo pa á?" Mọ́ládé bi í, bí ẹni tó ń béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò.

"Rárá, mà."

"O bẹ̀rù rẹ̀."

"Gan-an ni, mà. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù ajá. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀."

"Wọ́n ní o sọ pé ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì á kúrò nílé yìí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ọjọ́ tó fa ìró mi ya ni."

"O sì ra oògùn eku lọ́sẹ̀ yìí."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú un jáde. Ọ̀rá rẹ̀ ò tíì já.

"Ó lè jẹ́ méjì ló rà," mo wí. Ojú tí ìyàwó mi fi wò mí mú kí n lọ jókòó sórí àpótí.

"Kí lo ń wá lọ́dọ̀ ajá ní ìdájí, nígbà tó jẹ́ pé o bẹ̀rù rẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ó ti rẹ̀ mí, mo sùn fọnfọn. Ìdájí ni mo gbọ́ tó ń ké. Kì í ṣe gbígbó, mà. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé síbì kan. Mi ò lè fara dà á, mo bá jáde. Kò lè dìde mọ́. Kó tó di pé mo rántí pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀, ọwọ́ mi ti wà láyà rẹ̀."

"Báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà. Á lù, á dúró, bí ẹni tó ń lọ tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Lẹ́yìn náà á tún lù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù."

"Ṣé gìrì mú un? Ṣé ó ń gbọ̀n?"

"Rárá, mà. Ó ti bì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ̀n rárá."

"Epo ẹnu rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo jókòó tì í títí tí ọkàn rẹ̀ ò fi lù mọ́."

"Ta lo sọ gbogbo èyí fún?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, mà," Beauty wí, ó sì mú aṣọ mìíràn.

*

"Oògùn eku kọ́," Mọ́ládé sọ fún mi nígbà tá a jáde. Ó ń rìn bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wá nǹkan nínú omi. "Irú èyí tí wọ́n ń tà níbí máa ń mú ẹranko gbọ̀n ni, á máa fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Èyí kàn rọra dákẹ́ ni. Ohun kan dá ọkàn rẹ̀ dúró."

"Màmá Àríyọ̀ ní inú àkàrà ni Beauty fi májèlé sí. Gbogbo ilé ló rí i tó ń dín àkàrà láàárọ̀ àná, epo sì wà lẹ́nu ajá," mo wí.

"Débọ́lá, ṣé ìwọ náà jẹ nínú àkàrà yẹn?" Mọ́ládé bi ọmọ náà tó ń tẹ̀ lé wa.

"Mo jẹ, mà. Ó fún gbogbo wa."

"Kí ló fi dín in?"

"Òróró."

Mọ́ládé na ìka rẹ̀ sí mi. Epo pupa ni, epo tútù tí kò tíì rí iná. Nígbà náà ni mo rí ohun tí òun ti rí tipẹ́: epo náà kán sílẹ̀ ní tóótòòtó láti ibi tí ajá wà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó lọ pòórá sídìí ọgbà làpálàpá. Lódìkejì ọgbà náà ni Festus ti ń tún máṣíìnì ṣe.

Ọkàn mi balẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà tí mo ti fẹ́ kó jẹ́ òun ló ṣe é, Festus ni. Tanímọ̀la ti bu ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ rí, ó sì sọ lójú títì pé ọwọ́ òun lòun máa fi sin ajá náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó tún kabúrétọ̀ mi ṣe lẹ́ẹ̀kan, máṣíìnì mi sì ń húkọ́ títí dòní.

"Festus," ìyàwó mi pè é, "epo rẹ dà?"

"Epo wo, mà? Epo ẹ́ńjìnnì?"

"Èyí tó o dà sẹ́nu ajá."

Sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́. Ó jókòó sórí táyà kan, ó bojú wo ilẹ̀.

"Mo fẹ́ gbà á là ni, mà. Ilẹ̀ ń ṣú lọ lánàá nígbà tí mo gbọ́ tó ń bì. Mo yọjú, mo rí i pé ó ti jẹ májèlé. Mo mú epo ìyàwó mi, mo fo ọgbà, mo dà á sí i lẹ́nu. Ṣebí epo náà ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá jẹ májèlé. Mo rò pé ó máa yè é."

"Kí ló dé tó ò pe àwọn onílé?"

"Lẹ́yìn gbogbo ariwo tí mo ti pa nítorí ewúrẹ́? Bí wọ́n bá bá mi lórí ajá yẹn, ta ló máa gbà mí gbọ́?"

"O dákẹ́, wọ́n sì ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní apani," Mọ́ládé wí.

Kò fohùn líle sọ ọ́, ṣùgbọ́n Festus bo ojú rẹ̀. Inú bí mi, nítorí pé mo mọ̀ pé òótọ́ ni Festus ń sọ. Èyí tí mo fọkàn sí ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyàwó mi ò bínú ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Festus ti fún un ní nǹkan kan. Ajá ti ń ṣàìsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Beauty ti lọ síṣẹ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, Débọ́lá sì jẹ́rìí pé Tanímọ̀la ṣì ń fò mọ́ òun nígbà tí Beauty kọjá lọ. Ohun yòówù tó pa á, lẹ́yìn tí Beauty jáde ló wọ inú rẹ̀.

"Ó parí nìyẹn," mo wí. "Ọmọbìnrin náà ò ṣe é."

"Màmá Àríyọ̀ á ní ó dẹ nǹkan sílẹ̀ kó tó lọ. Bí a ò bá mọ ohun tó pa á, Bàbá Ọpẹ́, apani ni Beauty á máa jẹ́ nílùú yìí títí ayé."

*

Bàbá Àríyọ̀ fẹ́ràn ohun ọ̀gbìn ju èèyàn lọ, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọgbà rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, àmọ́ ọyẹ́ ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn lára. Mọ́ládé dúró láàárín wọn, ó sì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń wo àwọn afurasí ní àgọ́.

Ó tú ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́rùn ajá. Ó fà á títí tó fi nà tán, ó sì fi í yí igi òdòdó po, ó fi etí rẹ̀ fa ìlà sínú eruku. Gbogbo ibi tí Tanímọ̀la lè dé láyé ló wà nínú ìlà náà.

"Ẹ pè wọ́n fún mi," ó ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. "Làpálàpá."

"Èso rẹ̀ lè pa ajá. Ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ìlà. Kó máa lọ sílé."

"Lárà, níbi igun yẹn."

"Èso tiẹ̀ tún burú jùyẹn lọ. Òun náà jìnnà. Kó máa lọ."

"Èyí tó wà nínú ìkòkò ní ìloro, tí ewé rẹ̀ gbòòrò, tí funfun tó sí i lára."

"Bí ajá bá jẹ ìyẹn, ahọ́n rẹ̀ á wú, ẹnu rẹ̀ ò ní lè pa dé. Mo ti wo ẹnu rẹ̀, kò wú."

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú ìlà náà: igi tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń dán nígbà tí gbogbo ewé yòókù ti rọ. Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó rí bí agogo kékeré tó dorí kodò, ó sì bo orí sàréè Bàbá Àríyọ̀. Mo rántí pé òun ló gbìn ín fúnra rẹ̀, ìdí rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n sin òun sí. Mọ́ládé ṣẹ́ ewé kan, oje funfun sun jáde bíi wàrà. Ó tètè fi iyanrìn nu ọwọ́ rẹ̀.

Ó pe Dókítà Caleb ní Ìsẹ́yìn, oníṣègùn ẹranko tó máa ń bá àwọn ọlọ́pàá ṣiṣẹ́. Ó júwe igi náà fún un, ó sì sọ ohun tí ọwọ́ Beauty gbọ́ láyà ajá.

"Igi yẹn ni," ohùn Caleb wí nínú fóònù. "Ewé ni o, oje ni o, èso ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń dá ọkàn dúró. Ó ti pa màlúù rí lọ́nà Ìlerò. Àwọn èèyàn kàn ń gbìn ín nítorí ẹwà rẹ̀ ni."

"Ṣùgbọ́n kò sí ewé nínú èébì rẹ̀, Dókítà. Kò sí ibi tí eyín ti bà á. Ẹ̀ka tó sún mọ́lẹ̀ jù ga ju orí rẹ̀ lọ."

"Nígbà náà, kì í ṣe igi yẹn."

"Igi yẹn ni," Mọ́ládé wí, ó sì pa fóònù.

Lẹ́yìn èyí ló ṣe ohun tó máa ń mú mi bínú jù lọ láyé. Ó fa àga kan sábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó, ó sì di ojú.

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Orin ti dópin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwàásù ni wọ́n wà. Láti ẹ̀yìn ilé, mo ń gbọ́ tí Beauty ń fa síìpù báàgì rẹ̀. Eruku ń bọ́ sílẹ̀ láìdún, ó ń bo ajá, ó ń bo sàréè, ó ń bo ipénpéjú ìyàwó mi. Ewúrẹ́ mélòó kan wọlé, wọ́n rìn kọjá níwájú wa láìpariwo, bí ohun tí mo kàn ń rò lọ́kàn. Àárẹ̀ mú èmi náà. Mo ti fẹ́ jókòó nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹ rí àwọn ewúrẹ́ yẹn?"

"Ṣé o ò sùn ni?"

"Wọ́n dé ibi abọ́ ajá. Wọ́n gbóòórùn omi inú rẹ̀. Wọ́n yí ẹ̀yìn padà." Ó la ojú. "Nínú ọyẹ́ yìí, Bàbá Ọpẹ́. Lánàá, ewúrẹ́ wa ń mu omi ọṣẹ."

A jọ lọ síbi abọ́ náà. Omi wà nínú rẹ̀, ó ṣẹ́kù bí ìdajì. Ohun kan tó funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ sójú rẹ̀.

"Débọ́lá, ìgbà wo ni mẹ́ruwà gbé omi wá gbẹ̀yìn?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, mà. Dúróòmù wa ti gbẹ. Omi tá a fi wẹ ẹsẹ̀ lánàá, òun náà la fi fọ ìloro."

"Ta ló wá rí omi tó pọ̀ tó báyìí fún ajá?"

Débọ́lá ò mọ̀. Mọ́ládé yí ojú sókè wo igi náà, ó sì fi ìka hàn mí. Lókè, níbi tí ọwọ́ èèyàn lè dé, wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé ẹ̀ka púpọ̀. Oje ti gbẹ mọ́ ojú ibi tí wọ́n gé. Ó wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó jáde pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó gbẹ. Oje funfun ti ṣe òrùka yí inú rẹ̀ ká, ewé tín-ín-rín kan sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ẹnì kan rẹ òdòdó sínú èyí mọ́jú àná," ó wí. "Nígbà tó kó òdòdó náà lọ, níbo ló da omi sí? Ẹ wo ilẹ̀. Kò sí ibi tó tutù rí lágbàlá yìí."

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n lè da omi sójú títì. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ní Ṣakí, lákòókò ọyẹ́, kò sí ẹni tó ń da omi nù. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, adìẹ ló ń mu ún. Omi tí a fi ṣan abọ́, ewúrẹ́ ló ni ín. Bá a ṣe ń kọ́ ọmọ láti kí àgbà là ń kọ́ ọ láti má ṣe da omi nù.

"Ẹ gbé máṣíìnì," Mọ́ládé wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Mo fẹ́ wo inú ṣọ́ọ̀ṣì."

A ò wọlé. A dúró lójú fèrèsé, láàárín eruku, a sì wo iwájú pẹpẹ. Òdòdó pupa rúsúrúsú ló kún ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ó yí àwòrán Bàbá Àríyọ̀ ká. Ó rẹwà débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Màmá Àríyọ̀ jókòó níwájú nínú aṣọ funfun, ó tẹjú mọ́ àwọn òdòdó náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ̀rọ̀.

"Ìyá Ọpẹ́," mo ní, "má sọ fún un."

Ó yí padà, ó gba ìdí máṣíìnì lọ.

*

Nígbà tí Màmá Àríyọ̀ dé, Kọ́láwọlé dì í lọ́wọ́ mú, àwọn aládùúgbò sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn láti wo bí ọ̀rọ̀ náà á ṣe parí. Beauty ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀.

"Ó ṣì wà níbí?" Màmá bi ọmọ rẹ̀. Kọ́láwọlé ń wo bàtà ara rẹ̀.

Mọ́ládé kúnlẹ̀ kí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jọ lọ sídìí sàréè. Èmi nìkan ni mo sún mọ́ wọn.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gé òdòdó yìí?"

"Èmi ni. Ọkọ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e rí. Àwọn òdòdó tí mo máa ń kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti gbẹ tán, mo bá ní ìrántí rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí òdòdó rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo rẹ ẹ́ mọ́jú àná kó má bàa rọ." Ó wo ìyàwó mi. "Kí ló dé?"

"Omi tẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́ ńkọ́, mà?"

"Mo dà á fún Tanímọ̀la lọ́sàn-án àná, kí n tó lọ to òdòdó náà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó wà lórí ẹ̀wọ̀n, kò lè lọ wá omi. Bó ṣe ń lá a ló ń jùrù sí mi." Ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà dúró lójú rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbà.

Mọ́ládé rọra ṣàlàyé fún un: oje náà, ọkàn tó ń gbàgbé láti lù, àwọn ewúrẹ́ tó yí ẹ̀yìn padà, epo Festus. Ó sọ fún un pé ọwọ́ Beauty ló wà láyà ajá náà nígbà tó kú. Màmá Àríyọ̀ di igi náà mú, ó tún tètè fi í sílẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó lè mọ̀, Màmá," ìyàwó mi wí. "Bí ẹ bá fẹ́, màá sọ fún wọn pé ohun ọ̀gbìn ló pa á, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Wọn ò ní béèrè ẹni tó dà á."

Ìyá arúgbó náà wo àwọn èèyàn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo fẹ́ kó gbà.

"Níṣojú gbogbo wọn ni mo ti pe ọmọ ọlọ́mọ ní apani," ó wí. "Ṣé ìdí sàréè níbí nìkan ni màá ti wá gbà pé kì í ṣe òun?"

Ó fi aṣọ funfun rẹ̀ nu ojú, ó sì rìn padà sáàárín àwọn èèyàn.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní. "Èmi ni mo pa Tanímọ̀la. Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni. Omi òdòdó ni mo fún un mu. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan, àfi pé òun nìkan ló jókòó tì í." Ó kọjú sí Beauty, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. "Dárí jì mí."

Beauty ju báàgì sílẹ̀, ó sáré gbá a mú kí orúnkún náà tó kanlẹ̀. "Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ yín." Ìgbà yẹn ni omijé tó ti ń dúró láti àárọ̀ wá dà lójú rẹ̀. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, Débọ́lá náà sì wá bá wọn. Gbogbo àdúgbò mí kanlẹ̀.

Kọ́láwọlé rẹ́rìn-ín ayọ̀. Ó bọ́ síwájú, ó gbé báàgì náà, ó sì fẹ́ gbé e padà wọlé.

"Fi í sílẹ̀, Kọ́lá," Beauty wí.

"Ọ̀rọ̀ ti yanjú báyìí. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Màmá sọ ni?"

"Mo gbọ́. Màmá ò mọ̀ mí, àlejò ni mo jẹ́ sí wọn. Ìwọ mọ̀ mí. Nígbà tí wọ́n pè mí ní apani láàárọ̀ yìí, ojú rẹ ni mo wò."

"Mò ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ni."

"Èmi náà ti parí ìwádìí tèmi."

Kò pariwo. Bí nọ́ọ̀sì tó ń sọ èsì àyẹ̀wò fún aláìsàn ló ṣe sọ ọ́. Kọ́láwọlé wo ìyá rẹ̀, ó ń retí kó bá òun dá sí i. Màmá Àríyọ̀ gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e wá síbi máṣíìnì mi, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dì í mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà.

Mo tẹ máṣíìnì, ó húkọ́ díẹ̀, ó dìde. Beauty jókòó sẹ́yìn mi, ó ní ilé ọ̀rẹ́ òun kan wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn. A ò tíì lọ jìnnà nínú ọyẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Kọ́láwọlé lẹ́yìn wa. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń pariwo pé òun mọ̀ pé kì í ṣe Beauty ló ṣe é, pé òun mọ̀ láti àárọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Mo dẹ ìrìn máṣíìnì, mo bi Beauty bóyá kí n dúró.

"Ẹ máa lọ, sà," ó ní.